Mo Fi Vaseline Dán Lọ́fínńdà Wò

Àbúrò mi obìnrin ló fi fídíò kan hàn mí lórí TikTok: ẹ fi Vaseline pa ọrùn ọwọ́ kí ẹ tó fín lọ́fínńdà, á pẹ́ lára. Èmi tí mò ń ránṣọ ní Bàsírì, Adó-Èkìtì, tí ọyẹ́ ti jẹ́ kí awọ mi gbẹ bí èèpo igi, mo ní kí n dán an wò.

Ọwọ́ kan ni kí ẹ pa, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ wẹ̀, ẹ nu ara gbẹ. Vaseline tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan ti tó. Èyí tí mo kọ́kọ́ bù pọ̀ jù, ó sì ta sára áńkárá oníbàárà. Mo fọ̀ ọ́ títí! Ẹ pa á títí tí kò fi ní yọ̀ mọ́, kí ẹ wá fín lọ́fínńdà lé e lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má fi ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn o.

Aago méje àárọ̀ ni mo fín tèmi. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, òsì tí n kò pa ti di ọwọ́ lásán. Ọ̀tún ṣì ń ta sánsán títí di aago méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi kí n gbé imú lé e. Ara gbígbẹ ló ń jẹ́ kí òórùn tètè fẹ́ lọ, ọ̀rá ló ń dá a dúró díẹ̀. Fídíò yẹn ní á pẹ́ tó wákàtí 24. Irọ́ ni.

Mo tún fi òrí dán an wò. Òrí borí lọ́fínńdà pátápátá. Oníbàárà kan bi mí bóyá a ní ọmọ tuntun nílé.