Bí kátálíìsì ọkọ̀ yín bá dí
Ẹ̀yin ará wa, bí ọkọ̀ yín kò bá lè gun òkè mọ́ lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ bí ẹ tilẹ̀ tẹ tọ́tù dé ilẹ̀, tí òórùn bí ẹyin tó bàjẹ́ sì ń jáde nídìí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kátálíìsì, ìyẹn ohun tó ń sẹ́ èéfín nínú páìpù èéfín ọkọ̀, ti dí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì fi irin gún inú rẹ̀ tó rí bí afárá oyin jáde, torí òun ni ó ń dín oró èéfín tí àwọn ọmọ wa ń fà símú kù. Ẹ yẹ púlọ́ọ̀gì àti ọ́ìlì wò ná: púlọ́ọ̀gì tí kò ta iná dáadáa tàbí ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì ni ó sábà ń fà á, bí ẹ kò bá sì tún ìyẹn ṣe, tuntun tí ẹ bá rà náà yóò dí.