Ẹ Fi Kọ́kọ́rọ́ Tiyín Ti Fáìlì Yín Pa Kó Tó Kúrò Nílé

Fáìlì ohùn Màámi 61 ló wà lórí fóònù mi nígbà kan. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí àwọn àti bàbá wa ṣe pàdé, mo máa ń tẹ fóònù, á máa gbà á sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n papòdà, ọkàn mi balẹ̀ pé gbogbo rẹ̀ wà lórí cloud, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń báni tọ́jú fáìlì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fóònù wá kún lọ́jọ́ kan, mo pa àwọn fáìlì náà rẹ́ lórí rẹ̀ kí n lè rí àyè. Mi ò mọ̀ pé ohun tí mo ń pè ní ìpamọ́ kì í ṣe ìpamọ́. Ńṣe ni ètò náà ń mú kí fóònù àti cloud rí bákan náà, torí náà ohun tí mo pa rẹ́ níhìn-ín pa rẹ́ lọ́hùn-ún. Wọ́n fi í sínú garawa ìdọ̀tí wọn fún ọjọ́ 30. Ọjọ́ kẹtàlélógójì ni mo tó lọ wá a.

Mọ́kànlá péré ni mo rí gbà padà, torí pé mo ti fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àwọn ò sì pa tiwọn rẹ́.

Ibi tí mo ti ń wá ohùn Màámi kiri ni mo ti rí nǹkan mìíràn tó já mi láyà. Ó ti pẹ́ tí fóònù náà ti ń dá gbé nǹkan lọ sókè: fọ́tò ìwé ìrìnnà mi, iwájú àti ẹ̀yìn káàdì báńkì, èsì àyẹ̀wò tí mo yà ní fọ́tò kí n má bàa sọ ọ́ nù. Fódà kan sì wà tí mo fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan nítorí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, líǹkì náà ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lè wọlé, wọn ò ní bi í ní ohunkóhun.

Torí náà, kí ẹ tó ra nǹkan kan tàbí kí ẹ tó gbé áàpù kankan sórí ẹ̀rọ yín, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ lo kọ̀ǹpútà, ojú fóònù kéré jù fún un. Ẹ wá "scan", ẹ wá "passport", ẹ wá orúkọ báńkì yín. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n to ohun tí ẹ ti bá ẹlòmíràn pín sí, kí ẹ ti gbogbo líǹkì tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ẹ wo àwọn ẹ̀rọ tó ṣì wà nínú àkáǹtì yín. Fóònù àtijọ́ tí ẹ ti fún ẹlòmíràn lè wà lára wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ dá gbígbé sókè tí fóònù ń dá ṣe dúró fún fódà tí ìwé yín wà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ cloud á sọ fún yín pé àwọn ti fáìlì yín pa, ìyẹn ni pé àwọn ti sọ ọ́ di ohun tí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò lè kà. Kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ẹ béèrè pé ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ náà ni. Ẹ̀rọ wọn lè yẹ inú rẹ̀ wò, ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ pé kí wọ́n kó o jáde, àṣìṣe tiwọn sì lè ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 2011, lẹ́yìn àtúnṣe kan tí Dropbox, tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ cloud, ṣe, páásíwọ́ọ̀dù èyíkéyìí lè ṣí àkáǹtì oníbàárà fún bíi wákàtí mẹ́rin. Ní 2021, bàbá kan ní San Francisco ya ibi tó ń dun ọmọ rẹ̀ ní fọ́tò fún dókítà. Ẹ̀rọ Google rí fọ́tò náà, ó kà á sí ti àwọn tó ń bá ọmọdé ṣèṣekúṣe, wọ́n sì ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Ọlọ́pàá wádìí, wọ́n ní kò ṣẹ̀ sófin. Google ò ṣí i fún un padà. Ìméèlì, fọ́tò, títí kan nọ́ńbà fóònù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ bá a lọ. Ọ̀rọ̀ bàbá yìí kì í kúrò lọ́kàn mi, torí ohun tí òbí èyíkéyìí lè ṣe ló ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo iPhone, ẹ tan Advanced Data Protection, tí Apple gbé jáde ní ìparí 2022. Ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà lórí iCloud sọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì ọdún 2025, Apple dáwọ́ rẹ̀ dúró fún ẹni tó bá fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án ní Britain, lẹ́yìn ìròyìn pé ìjọba ibẹ̀ ń béèrè ọ̀nà àtiwọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ́kọ́rọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Inú kọ̀ǹpútà yín ni kí ẹ ti ti fáìlì pa kó tó gòkè. Cryptomator, áàpù tó ń ti fáìlì pa, ni mo ń lò. Ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ní kó dá vault tuntun, ìyẹn àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, sílẹ̀ nínú fódà tí cloud yín ń lò, ẹ fún un ní páásíwọ́ọ̀dù, ẹ ṣí i. Á yọ bí díráìfù tuntun, ẹ ó sì máa kó fáìlì sínú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo wo ohun tó gòkè, ibi tó yẹ kí n ti rí orúkọ èsì àyẹ̀wò mi, lẹ́tà gbọọrọ tí kò nítumọ̀ ni mo rí, tó parí sí ".c9r". Ilé-iṣẹ́ náà ṣì lè mọ iye fáìlì tó wà níbẹ̀ àti bí wọ́n ṣe tóbi tó, ṣùgbọ́n inú wọn ṣókùnkùn sí i. Ẹ rántí pa ẹ̀dà àtijọ́ tí ẹ kò tì rẹ́, kí ẹ sì da garawa ìdọ̀tí náà nù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ síbí. Bí ẹ bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù yìí, kò sí ẹni tó lè bá yín ṣe òmíràn. Ẹ lo ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí kò bára tan. Ẹ kọ wọ́n sórí ìwé, kí ẹ sì tẹ kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà tí Cryptomator máa fún yín jáde; òun lẹ lè fi ṣe páásíwọ́ọ̀dù tuntun fúnra yín. Ẹ pa ìwé náà mọ́ síbi méjì, kò gbọdọ̀ wà nínú fóònù.

Ó wá ku ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Peter Krogh, tó jẹ́ ayàwòrán, ló mú ìlànà 3-2-1 gbajúmọ̀: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Hard drive méjì ni mo ní, mo kọ A sára ọ̀kan, mo kọ B sára èkejì. Mo fi VeraCrypt ti àwọn méjèèjì pa kí olè tó bá jí wọn má rí nǹkan kà; BitLocker tó wà nínú Windows àti Disk Utility tó wà lórí Mac náà lè ṣe é. A wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, B wà nílé àbúrò mi, a sì máa ń pààrọ̀ wọn. Bí mo bá ti da nǹkan sórí ọ̀kan tán, mo máa ń yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀, torí kòkòrò tó ń ti fáìlì pa láti gba owó ìtúsílẹ̀ lè dé ibi gbogbo tí wáyà bá dé. Níbòmíràn tí mo sọ yẹn, kò túmọ̀ sí yàrá kejì. Nígbà tí iná jó ibùdó OVH, ilé-iṣẹ́ Faransé tó ń báni tọ́jú fáìlì, ní Strasbourg ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021, àwọn oníbàárà kan wà tí ẹ̀dà wọn wà lọ́gbà kan náà pẹ̀lú fáìlì gidi.

Ẹ máa dán an wò. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tọ́jú iṣẹ́ wọn, ṣèèṣì pa fáìlì gidi rẹ́. Wọ́n ní ọ̀nà ìpamọ́ márùn-ún, kò sí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló kó wọn yọ.

Sátidé àkọ́kọ́ oṣù ni mo yàn fún tèmi. Mo máa ń so díráìfù mọ́ kọ̀ǹpútà, mo máa ń ṣí mẹ́ta nínú fáìlì mọ́kànlá náà, mo sì máa ń gbọ́ wọn dópin. Lóṣù tó kọjá, ìkeje lórí A dákẹ́ ní ìṣẹ́jú méjì. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́ síbi kan náà. Mo lọ gbé B nílé àbúrò mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Tibẹ̀ pé: ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún, títí dé ibi tí Màámi ti ní kí n pa fóònù náà, kí n wá jókòó.