Ìgbẹ̀yìn lalayò ń ta: bí mo ṣe múra sílẹ̀ de Itzulia

Oṣù kẹrin ni Itzulia, ìdíje kẹ̀kẹ́ gígùn, máa ń wáyé ní ilẹ̀ Basque, ní àríwá Sípéènì. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fi sá a, láti Mọ́ńdè títí di Sátidé. Ní tèmi o, ó dùn ún wò ju Tour de France lọ, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó fa àga sún mọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ti Faransé, ọjọ́ mìíràn sì wà níbẹ̀ tí èèyàn lè sùn, kó jí, kó bá ọ̀wọ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́ bí wọ́n ṣe ṣì ń rọra kọjá láàárín oko. Ní Itzulia, ẹni tó bá tòògbé, èsì ló máa jí bá.

Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n lè wo gbogbo rẹ̀ bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, torí náà mo ní láti mọ ọjọ́ tí mo máa tọrọ àyè kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Èsì àwọn ọdún tó ti kọjá ni mo kọ́kọ́ tú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: ta ló wọ ẹ̀wù ìyeyè, ẹ̀wù ẹni tó ń ṣíwájú nínú àpapọ̀ àkókò, láàárọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn, ta ló sì wọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n parí?

Lọ́dún 2019, Emanuel Buchmann ọmọ Jámánì ló wọ̀ ọ́ jáde. Ion Izagirre, ọmọ bíbí ilẹ̀ Basque, ló wọ̀ ọ́ relé. Àrùn Kòrónà ò jẹ́ kí wọ́n ṣe ti 2020. Lọ́dún 2021, ọrùn Brandon McNulty ọmọ Amẹ́ríkà ló wà. Primož Roglič ò dúró de òkè ìparí rárá, ọ̀nà ṣì jìn tó fi já wọn sílẹ̀; David Gaudu gba ìpele ọjọ́ náà lórí òkè Arrate, Roglič gba gbogbo ìdíje. Lọ́dún 2022, Remco Evenepoel ló pàdánù rẹ̀ sọ́wọ́ Daniel Martínez ọmọ Kòlóńbíà. Lọ́dún 2024 ẹ̀wẹ̀, Mattias Skjelmose ọmọ Denmark ló pàdánù rẹ̀ sọ́wọ́ Juan Ayuso. Láti 2019 dé 2024, Jonas Vingegaard nìkan, lọ́dún 2023, ni kò jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun, òun náà ló tún gba ìpele ìkẹyìn yẹn. Ìgbẹ̀yìn lalayò ń ta, àwọn baba wa ti wí.

Ọ̀rọ̀ náà ò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Eibar ni wọ́n sábà máa ń parí ẹ̀ sí, ìlú tí òkè yí ká, tí Arrate sì wà lókè rẹ̀. Òkè ilẹ̀ Basque kì í gùn bíi ti Alps, àmọ́ wọ́n ga ṣánṣán bí ògiri, títì wọn tẹ́ẹ́rẹ́, èèyàn ò sì ní tíì mí tán lórí ọ̀kan tí òmíràn á fi bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé wọn ò gùn, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló máa ń wà láàárín àwọn tó wà níwájú títí di Sátidé. Nítorí pé ilẹ̀ títẹ́jú ò sì tó nǹkan, ikọ̀ tó lágbára jù pàápàá kì í rí ibi tí wọ́n á ti to ara wọn síwájú ọ̀gá wọn láti bá a gba afẹ́fẹ́. Ọ̀gá á kàn rí i pé òun nìkan ló kù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá kàn sí àwòrán ojú ọ̀nà ìpele kọ̀ọ̀kan. Láti ẹ̀yìn ni mo ti máa ń kà á. Àpapọ̀ mítà tí wọ́n máa gùn lọ́jọ́ kan kì í sọ nǹkan kan fún mi. Ohun tí mò ń wò ni ibi tí òkè tó kẹ́yìn wà sí ìlà ìparí, àti bóyá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló wà láàárín wọn. Bí òkè náà bá jìnnà sí ìparí, mo máa ń kọ "èsì nìkan" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá já sínú ìlú tààrà, mo fi bírò pupa yí i ká. Ìpele àkọ́kọ́ ò gbà mí lákòókò. Lọ́dún 2021, 2022, 2024 àti 2025, eré aago ni, kí oníkálukú máa dá sáré tirẹ̀, ìyẹn sì ṣeé wò lálẹ́. (Ti 2024 dùn o: Roglič fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣìnà nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó sì tún gba ipò kìíní.)

Orúkọ àwọn tí mo rò pé wọ́n lè borí, pẹ́ńsù ni mo fi kọ wọ́n. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 2024 ló kọ́ mi. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ní ìpele kẹrin, Vingegaard, Evenepoel àti Roglič ṣubú pa pọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kúrò nínú ìdíje lọ́jọ́ kan náà. Eegun èjìká Vingegaard àti ti Evenepoel ṣẹ́. Ti Vingegaard kan egungun ìhà àti ẹ̀dọ̀fóró pẹ̀lú. Àwọn mẹ́fà tó ti sá lọ síwájú nìkan ni wọ́n jẹ́ kó du ìpele náà, Louis Meintjes sì gbà á. Látìgbà náà, tí mo bá ń yan èèyàn, ọgbọ́n ìsọ̀kalẹ̀ ni mò ń wò kí n tó wo ẹsẹ̀ tó ń gòkè.

Ó wá ku aago. Ní òpin oṣù kẹta ni Sípéènì máa ń ti aago wọn síwájú ní wákàtí kan, ẹni tí kò bá rántí, ìgbà tí wọ́n bá ń dé fìlà fún olúborí ló máa tan ẹ̀rọ. Fìlà náà gan-an kì í ṣe àwàdà: txapela ni wọ́n ń pè é, ó fẹ̀ débi pé ó ń bo etí ẹni tó dé e.

Mo ti tọrọ àyè Sátidé, ọ̀gá mi sì ti gbà. Ọjọ́rú àti Tọ́sìdeè, ìparí nìkan ni mo máa wò. Bí òjò bá rọ̀ ní Eibar, mo máa pa gbogbo orúkọ tó wà lórí ìwé mi rẹ́, kí n tún un kọ.