Bí mo ṣe múra àbúrò mi sílẹ̀ láti Ìkòròdú dé Berlin

Eré sísá ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn òbí tó ń bi mí léèrè ní Sábó àti ní Ẹ̀bútè pé kí la ṣe tí àbúrò mi fi bá ikọ̀ Nàìjíríà lọ sí Special Olympics, ìdíje eré ìdárayá àgbáyé fún àwọn tí òye wọn kì í tètè dé, ní Berlin lọ́dún 2023. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yá nílẹ̀ láti kékeré. Gbogbo ohun tó yí eré yẹn ká ló gba wàhálà: ìwé, àyẹ̀wò, oorun, ariwo, àti bí yóò ṣe máa wẹ̀, tí yóò sì máa lo oògùn rẹ̀ níbi tí kò ti sí Màámi, tí kò sí èmi náà. Màámi ti dàgbà. Èmi tí mo ń ránṣọ nílé ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́.

Down syndrome ni àwọn dókítà ń pe ohun tí wọ́n bí i mọ́. Ó ti lé ní ọmọ ogún ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tètè yọ lẹ́nu rẹ̀, owó kíkà sì máa ń dà rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n ti pè é ní dìndìnrìn lójú mi rí ládùúgbò. N kò fèsì, n kò sì gbàgbé. Irú àbúrò mi gan-an ni wọ́n dá Special Olympics sílẹ̀ fún. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eunice Kennedy Shriver, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Chicago ni wọ́n ti ṣe ìdíje àkọ́kọ́ ní oṣù keje ọdún 1968, Amẹ́ríkà àti Kánádà nìkan ni àwọn eléré ti wá nígbà náà. Ní Berlin, eléré bíi 7,000 ló péjọ, ẹ̀yà eré 26 ni wọ́n sì ṣe. Àwọn ènìyàn máa ń dà á pọ̀ mọ́ Paralympics, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni tibí. Àwọn aláàbọ̀ ara tó dáńtọ́ jù lágbàáyé ni Paralympics ń ṣà. Special Olympics ń gba ẹnikẹ́ni tí òye rẹ̀ kò bá tètè dé, tó bá ṣáà ti pé ọmọ ọdún 8, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń sáré bí ẹtu tàbí ẹni tó ń rọra rìn.

Pápá ilé ìwé kan ní ìhà Ìta-Ẹlẹ́wà la ti bẹ̀rẹ̀, ní àárọ̀ Sátidé. Kóòṣì tó ń kọ́ wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mú àpò owó jáde pé, "Àǹtí, ẹ dá a padà. Òfin àjọ yìí ni pé a ò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ eléré kó tó kópa." Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú ṣinṣin, ó sì gbà wá lọ́jọ́ tó yẹ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ní àdúgbò pé wọ́n ti mú un fún Berlin, ọkùnrin kan wá bá Màámi pé òun yóò bá wa rin ọ̀rọ̀ físà bí a bá lè rí nǹkan fún òun. A kí i, a sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ìyẹn náà sì parí.

Nínú gbogbo ìwé tó kọjá lọ́wọ́ mi, fọ́ọ̀mù ìlera ni n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi eré ṣe. Fún ẹni tó ní Down syndrome, ọkàn àti ọrùn ló jẹ dókítà lógún jù. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀ ni ọkàn wọn máa ń ní àléébù láti inú oyún, nítorí náà wọ́n ya àwòrán ọkàn rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ní ti ọrùn, egungun méjì tó wà lókè pátápátá máa ń dẹ̀ lára àwọn kan nínú wọn. Bí ọrùn bá wá ṣẹ́ pẹ̀lú agbára, ewu ńlá ni fún ọ̀pá ẹ̀yìn. Dókítà bi mí bóyá ìrìn rẹ̀ ti yí padà láìpẹ́, bóyá ọwọ́ rẹ̀ máa ń kú, bóyá ó ń tọ̀ sára nígbà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní kó rìn, kó na ọwọ́, kó yí orí. Kò sí ìkankan nínú ohun tó bẹ̀rù. Òbí kan ní kí n bá òun wá ẹni tí yóò kàn tẹ òǹtẹ̀ lé fọ́ọ̀mù ọmọ òun láìyẹ̀ ẹ́ wò. Mo kọ̀ fún un, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un, torí ọmọ ẹni kọ́ la fi í dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò.

Ìwé ìrìnnà kò le tó bí mo ṣe rò. Nọ́ńbà NIN rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Fọ́tò ló lè dá wa dúró, nítorí bí iná kámẹ́rà bá ti tàn báyìí, ojú rẹ̀ á pa dé. Mo fi fóònù mi ń yà á ní ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, mo ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí tó fi mọ̀ pé lẹ́yìn ẹ̀ta ni iná ń tàn. Lọ́jọ́ tí a dé ọ́fíìsì, òun fúnra rẹ̀ ló ń ka á fún òṣìṣẹ́ tó ń ya fọ́tò.

Ẹ̀kọ́ ilé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí dáadáa. Kóòṣì ti kìlọ̀ fún mi pé olùtọ́jú kan yóò máa mójú tó eléré mélòó kan, kò sì ní lè bá ẹnikẹ́ni fọ ẹ̀yìn. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni mo fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ wo ìwẹ̀: inú korobá la ti ń bu omi wẹ̀ nílé wa, ṣáwà sì ló máa bá níbẹ̀. Mo bẹ oníbàárà mi kan ní Agric, ó jẹ́ kó máa wá wẹ̀ nílé òun. Lákọ̀ọ́kọ́, omi tútù nìkan. Nígbà tí ìyẹn wọlé, mo fi hàn án pé ibi tó pupa ni omi gbígbóná, pé ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń wọ abẹ́ rẹ̀, kí ara tó tẹ̀ lé e. Mo máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, n kì í wọlé. Ó máa ń pè mí, màá sì dáhùn láti ìta pé, "Kí ló kàn báyìí?" Òun ni yóò sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ní ti aṣọ, mo rán òwú pupa sí inú iwájú gbogbo rẹ̀ kó má baà fi ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Mo rán nọ́ńbà fóònù Kóòṣì sí inú ọrùn ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Aṣọ ọjọ́ kan, pátá ọjọ́ kan, ìbọ̀sẹ̀ ọjọ́ kan, gbogbo rẹ̀ wọ inú ọ̀rá kan, mo sì ya àwòrán ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ náà sí ara rẹ̀. Oògùn fún táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré kan nínú ọrùn, ló ń lò láràárọ̀ kó tó fi nǹkan kan kan ẹnu. Mo kọ ọ́ gàdàgbà fún olùtọ́jú pé kó máa fún un kí wọ́n tó lọ jẹun, mo sì kọ́ àbúrò mi náà láti béèrè fún un bí wọ́n bá gbàgbé. Ìyẹn pẹ́ díẹ̀, torí ojú máa ń tì í láti bèèrè nǹkan lọ́wọ́ àgbà.

Láti fi bàálù mọ́ ọn lára, ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ láti Ẹ̀bútè sí CMS la lò. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ké, wọ́n ń so ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì mọ́ ọ láyà, àjèjì jókòó tì ọ́, o kò sì lè dìde títí ẹ ó fi dé èbúté. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gbádùn rẹ̀ ju èmi lọ. Ní ti oorun, a ń fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àǹtí wa ní Ẹ̀pẹ́, alẹ́ kan lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó ń pọ̀ sí i. Màámi kì í sùn lálẹ́ wọ̀nyẹn. Oòrùn Berlin ni n kò lè fi dán an wò nílé, torí lóṣù kẹfà, oòrùn ibẹ̀ kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́, àbúrò mi sì ti máa ń ka ilẹ̀ tó ṣú sí àkókò oorun. Mo ya ojú aago sínú ìwé fún un pé báyìí ni ọwọ́ aago á wà tí yóò fi sùn, ojú ọ̀run ì báà mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán. Oúnjẹ kò dà mí láàmú. Búrẹ́dì àti ẹyin ni, ó ń jẹ ìyẹn.

Ìbọn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré ni Kóòṣì fúnra rẹ̀ bójú tó. Ó kọ́kọ́ ń lu pákó méjì mọ́ra láti ọ̀nà jíjìn, ó ń súnmọ́ wọn díẹ̀díẹ̀, ó wá ń fọ́ bàlúùnù, títí ọwọ́ wọn fi kúrò létí. Ohun mìíràn tó tẹ̀ mọ́ wọn létí ni bí wọ́n ṣe ń pín eléré. Wọ́n á kọ́kọ́ sá eré ìdánwò, àwọn tí àkókò wọn súnmọ́ ara wọn ni wọn yóò sì jọ sá èyí tó ní ẹ̀bùn, ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin, ẹgbẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́. Ẹni tó bá rọra sá níbi ìdánwò, tó wá fò bí ẹyẹ lọ́jọ́ kejì, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀. Àbúrò mi kì í fẹ́ sáré bí kò bá rí èrò tó ń pàtẹ́wọ́, èrò sì lè má sí níbi ìdánwò. A wá ń mú un sá lórí pápá tó ṣófo, láìsí ẹnikẹ́ni létí ìlà.

Wọ́n lọ. Ìlú kékeré kan ló kọ́kọ́ gbà wọ́n lálejò, bí àwọn ìlú tó lé ní 200 ní Jámánì ṣe pín àwọn ikọ̀ láàárín ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ Berlin, tí wọ́n ṣí ìdíje náà ní pápá Olympiastadion ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà. Fóònù Kóòṣì la fi ń rí wọn. Nínú eré 100 mítà, àbúrò mi ṣe ipò kẹrin nínú ìsọ̀rí rẹ̀. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń gba àmì ẹ̀yẹ. Láti ẹ̀kẹrin títí dé ẹ̀kẹjọ, ọ̀já ni wọ́n ń so fún wọn, lórí pèpéle kan náà, pẹ̀lú orúkọ wọn tí wọ́n pè sókè. Màámi ní kí n máa fi fídíò ibi tí wọ́n ti pe orúkọ yẹn han òun léraléra títí bátìrì fi kú.

Ṣùgbọ́n ohun tí àbúrò mi fẹ́ sọ fún mi lórí fóònù kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. "Àǹtí, mo ti ní awò ojú." Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Healthy Athletes, láti ọdún 1997 ló ti wà. Níbi ìdíje, àwọn dókítà tó yọ̀ǹda ara wọn máa ń yẹ ojú, etí, eyín àti ẹsẹ̀ eléré wò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹgbẹ́ aláàánú Lions sì ń kún wọn lọ́wọ́ nínú ti ojú. Wọ́n rí i pé ohun tó bá jìnnà kì í hàn sí i dáadáa, wọ́n sì fún un ní awò. Inú mi dùn, inú sì bí mi. A ti gbé ọmọ yìí dé ilé ìwòsàn oríṣiríṣi láti kékeré. Bí mo bá ní kì í wo pátákó nílé ìwé, wọ́n á ní bí irú wọn ṣe rí nìyẹn. Bí mo bá ní ó máa ń kọsẹ̀ lójú gọ́tà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kò sí ẹni tó gbé lẹ́tà síwájú rẹ̀ pé kí lo rí, bẹ́ẹ̀ ìṣòro ojú wọ́pọ̀ gan-an lára àwọn tó ní Down syndrome. Etí wọn náà sì máa ń níṣòro.

Ó ti wọ awò náà láti ìgbà náà. Ó ń ka lẹ́tà tó wà lára dáńfó sókè ní Sábó, ìkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn gooro.

Chile ni wọn yóò ti ṣe ìdíje tó kàn, ní Santiago, lọ́dún 2027. Àwọn tó wà lórí pápá wa báyìí kò mọ̀ bóyá wọ́n á mú wọn, ìyẹn kò sì jẹ mí lógún tó àyẹ̀wò ojú. Èmi àti ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ń ju bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ti bá onímọ̀ ojú kan ní Ìkòròdú sọ̀rọ̀, ó sì gbà láti wá yẹ gbogbo wọn wò ní Sátidé kan láìgba owó. Owó awò fún àwọn tó bá nílò rẹ̀ ni a ṣì ń wá.