Ìwé júrì dé, ta ni yóò mú ọmọ? Àwọn àṣìṣe tó ń jẹ òbí lówó ní England

Nígbà tí lẹ́tà yẹn já bọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé mi, mo rò pé kánsù ló tún fẹ́ gbowó ni. Mo yà á, mo rí i pé kóòtù ló ń pè mí wá ṣe júrì, ìyẹn ará ìlú lásán tó ń bá àwọn mìíràn jókòó gbọ́ ẹjọ́, tí wọ́n á sì sọ bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi. Èmi tí páálí mi ṣì jẹ́ aláwọ̀ ewé! Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó ní kí n jù ú nù, pé wọ́n ṣi orúkọ kọ ni. Wọn ò ṣi orúkọ kọ o. Ọmọ Nàìjíríà, bíi ti gbogbo ọmọ ilẹ̀ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì tó ń gbé níbí lọ́nà tó bófin mu, lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, inú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò yìí náà ni wọ́n sì ti ń ṣa àwọn júrì láìwojú ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti pé ọdún 18, tí ẹ kò tíì kọjá 75, tí ẹ sì ti gbé ní Bìrìtéènì fún ọdún 5 ó kéré tán láti ìgbà tí ẹ ti pé ọmọ ọdún 13, orúkọ yín lè jáde.

Nílé, adájọ́ ló ń gbọ́ ẹjọ́, òun náà ló ń dá a. Bàbá wa ò ṣe júrì rí, ìyá wa ò ṣe é rí, kò sí àgbà tí a máa bi pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ibẹ̀ ni owó ti ń bọ́ mọ́ àwa tí a ní ọmọ kékeré lọ́wọ́. Kóòtù kọ́ ló jí i. Bí a ṣe ń bá ara wa mú ọmọ ni: a pe àǹtí kan lórí fóònù, a fi owó sí i lọ́wọ́, ó tán. Kóòtù ò mọ èyíinì. Ìwé ni kóòtù mọ̀.

Ti England àti Wales ni mo ń sọ. Scotland àti Northern Ireland ní ètò tiwọn.

Ẹ má rò pé "mo lọ́mọ" ti tó

Ọjọ́ 7 ni wọ́n fún yín láti fèsì lẹ́tà náà. Ẹni tí kò fèsì, tàbí tí kò yọjú lọ́jọ́ tí wọ́n dá, lè san owó ìtanràn tó tó £1,000. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń kọ ọ́ pé àwọn ní ọmọ, wọ́n á wá fọkàn balẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Kí wọ́n tó yọ yín pátápátá, ẹ ní láti ṣàlàyé ìdí tí ẹ kò fi ní lè wá rárá láàárín oṣù 12 tó ń bọ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó ní ọmọ kékeré ni pé kí ó sún ọjọ́ síwájú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì gbà kéèyàn sún un.

Àṣìṣe tó wà nídìí èyí ni kéèyàn lo ẹ̀ẹ̀kan yẹn láìwo kàlẹ́ńdà ilé ìwé. Ẹnìkan tí mo mọ̀ sá fún oṣù kejì, ó bọ́ sínú ìsinmi oṣù kẹjọ, ọmọ mẹ́ta jókòó sílé kalẹ̀. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà ilé ìwé síwájú, ẹ mú àwọn ọ̀sẹ̀ tí kò sí ìsinmi nínú wọn, kí ẹ sì rántí pé iṣẹ́ júrì sábà máa ń gba ọjọ́ iṣẹ́ 10. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, kí ó sọ ọ́ síta nínú èsì rẹ̀. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Ìkòkò kan, ẹnu méjì

Èyí gan-an ló dùn mí jù, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣubú.

Kóòtù kì í san owó iṣẹ́ fún júrì. Ó kàn ń dá díẹ̀ padà nínú ohun tí ẹ pàdánù ni. Fún ọjọ́ 10 àkọ́kọ́, bí ẹ bá lò ju wákàtí 4 lọ ní kóòtù, èyí tó pọ̀ jù tí wọ́n lè san lóòjọ́ jẹ́ £64.95. Mo ka èyí, mo ní ó dára, owó iṣẹ́ á gba £64.95, owó olùtọ́jú ọmọ náà á gba tirẹ̀ lọ́tọ̀. Irọ́ ni. Owó iṣẹ́ tí ẹ pàdánù àti owó tí ẹ fi tọ́jú ọmọ, inú £64.95 kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní £60 ni ẹ máa ń rí gbà níbi iṣẹ́ lójúmọ́, tí ọ̀gá yín kò sì ní san án ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá fi wà ní kóòtù. £60 ti wọ inú ìkòkò, £4.95 ló kù fún ọmọ. Bí olùtọ́jú ọmọ bá ń gba £55 lóòjọ́, £50.05 ni ẹ máa fi kún un láti inú àpò yín. Ní ọjọ́ 10, ó ti di £500.50. Owó ilé ẹlòmíràn nìyẹn o.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kó lọ bá olùtọ́jú ọmọ kí ẹ tó bá ọ̀gá ibi iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Òfin ò gbà á láyè láti má fún yín láàyè lọ ṣe júrì, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ó san owó ọjọ́ wọ̀nyẹn. Àwọn kan máa ń san án. Bí tiyín bá gbà láti san, a jẹ́ pé gbogbo £64.95 lè wà fún owó ọmọ, ìkòkò náà á wá bọ́ sí ẹnu kan ṣoṣo. Ìpàdé ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ọ̀gá lè gba £500 lọ́wọ́ ìparun. Èmi ò bi tèmi títí ọjọ́ kẹrin.

Ọ̀rọ̀ wákàtí náà tún wà níbẹ̀. Bí ẹ bá lò tó wákàtí 4 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, £32.47 ni òkè owó ọjọ́ náà. Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa: ẹ débẹ̀ láàárọ̀, ẹ jókòó sínú yàrá tí àwọn júrì ti ń dúró, wọn ò pe nọ́ńbà yín, ní agogo méjìlá ààbọ̀ wọ́n ní kí ẹ máa lọ sílé. Olùtọ́jú ọmọ ò mọ ìyẹn, ọjọ́ kan lódindi ló máa gbà lọ́wọ́ yín. Àdéhùn tó yẹ kí ẹ ṣe pẹ̀lú rẹ̀ ṣáájú ni pé, bí wọ́n bá tètè dá yín sílẹ̀, èló ni? Àwọn kan á gbà láti ka wákàtí, àwọn kan ò ní gbà, ṣùgbọ́n ó sàn kéèyàn mọ̀.

Bí ẹjọ́ bá kọjá ọjọ́ iṣẹ́ 10, iye tó ga jù lọ á gòkè sí £129.91 lóòjọ́. Owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ wà lọ́tọ̀ ní tiwọn; £5.71 ni ti oúnjẹ fún ọjọ́ tí kò kọjá wákàtí 10, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn lè rà ní London.

Owó tí ẹ ti ń san tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ti kóòtù

Àfikún nìkan ni wọ́n ń san. Bí ọmọ bá ti ń lọ sí nọ́sìrì ní Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè àti Fúráìdè látẹ̀yìnwá, ẹ má kọ ọjọ́ wọ̀nyẹn sílẹ̀. Túsìdeè àti Tọ́sìdeè tí ẹ ń mú un fúnra yín tẹ́lẹ̀, tí ẹ wá sanwó fún nítorí kóòtù, ni tiyín. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọmọ ilé ìwé: bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń lọ mú ọmọ ní agogo mẹ́ta ààbọ̀, tí kóòtù wá dá yín dúró títí di agogo márùn-ún ààbọ̀, wákàtí tó wà láàárín yẹn ni owó wà fún. Ẹni tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè owó náà á kàn fa ìbéèrè wá sọ́rùn ara rẹ̀ ni.

Àǹtí ṣọ́ọ̀ṣì, àti Mọ́mì tó wá kí wa

Olùtọ́jú ọmọ tó bá ti forúkọ sílẹ̀ máa ń ní nọ́ńbà Ofsted, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń bójútó àwọn olùtọ́jú ọmọ ní England. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, kí ó sì bá yín kọ ohun tó kàn án sórí fọ́ọ̀mù, nítorí kóòtù máa béèrè. Bó bá jẹ́ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ ló mú ọmọ, ẹ ní kí ó kọ lẹ́tà tó sọ iye wákàtí tó fi mú un. Ẹni tó sanwó láìgba ohunkóhun lọ́wọ́, ó ti fi owó tọrẹ nìyẹn.

Àǹtí tó ń mú ọmọ méje nínú ilé rẹ̀ ní Peckham ní London, tí gbogbo wa ń san owó fún, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gba ìṣọ́ra. Ní England, ẹni tó bá ń gbowó láti mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8, tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, nínú ilé ara rẹ̀ fún ohun tó ju wákàtí 2 lọ lóòjọ́, ní láti forúkọ sílẹ̀. Bí kò bá forúkọ sílẹ̀, ẹ má fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kóòtù kí ẹ wá dá wàhálà sí obìnrin tó ti ń ràn yín lọ́wọ́ lọ́rùn. Ẹ wá ẹlòmíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì yẹn.

Mọ́mì tó ti Ìbàdàn wá pẹ̀lú físà àbẹ̀wò wá ńkọ́? Ìyá àgbà lè mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ nígbà tó bá wá kí yín, kò sí ẹni tó máa bá a jà. Ohun tí físà náà kò gbà ni iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé ẹ san £50 fún ìyá yín lójúmọ́ kí owó bàa lè jáde. Mo ti gbọ́ tí ẹnìkan ń gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ní ibi àríyá, mo sì fẹ́ pariwo. £50 lè sọ ìyá di ẹni tí wọn kò ní fún ní físà mọ́.

Fóònù, àti ọmọ tó ń dá dúró

Nínú yàrá ìgbẹ́jọ́, wọn ò jẹ́ kí fóònù wà ní títàn. Nígbà tí àwọn júrì bá ti wọlé lọ jíròrò ìdájọ́, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín. Bí ibà bá mú ọmọ ní agogo méjì, olùtọ́jú ọmọ á pè títí, kò ní rí yín. Ẹ fún un ní nọ́ńbà ọ́fíìsì tó ń bójútó àwọn júrì ní kóòtù náà, àti ti ẹnìkejì tó lè sáré dé. Ẹ má sì gbé ọmọ lọ síbẹ̀ láé. Kò sí ẹni tó máa bá yín mú un.

Àwọn kan á ní àkọ́bí ti pé ọdún 10, ó lè mú àwọn àbúrò rẹ̀. Òfin ibí ò dárúkọ iye ọdún, ṣùgbọ́n ó lè dá òbí lẹ́bi tó bá fi ọmọ sílẹ̀ nínú ewu. Kò yẹ kí ẹni tó jókòó sórí àga júrì láàárọ̀ wá dúró níwájú ọlọ́pàá nírọ̀lẹ́.

Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà fún olùtọ́jú ọmọ nígbà tí ẹ bá ń mú ọmọ padà. Kó béèrè títí, ẹ dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ béèrè owó yín kí oṣù 12 tó pé láti ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ júrì náà. Èmi fi tèmi sínú báàgì fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí mo wá ṣí i, rìsíìtì méjì ti parẹ́ lójú, irú ìwé pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ ìtajà ń tẹ̀ jáde yẹn. Mo ní láti padà lọ bẹ olùtọ́jú ọmọ kí ó tún un kọ, ó sì ti kó lọ sí Manchester.