Bí mo ṣe fi ásíìdì bátìrì àti iná pa alumíníọ́mù láró nílé

Bí iná bá gba inú ásíìdì kọjá lára alumíníọ́mù, èèpo tín-ín-rín kan á hù sí i lára, èèpo yìí ló ń mu aró. Kọ́ọ̀bù mẹ́rin tí a fi ń yí ohùn rédíò ni mo ṣe. Alumíníọ́mù oríṣi 6061 ni wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mílímítà 20, ó ga ní 15. Ẹ má fi èyí tí wọ́n yọ́ dà, irú orí ẹ́ńjìnnì, dán an wò: sílíkọ́nì inú rẹ̀ pọ̀, bí eérú ni yóò rí.

Ìfọ̀ ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Mo fi sáńpépà 400 họ wọ́n, mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo wá rì wọ́n sínú kọ́sítíìkì sódà, gíráàmù 50 sí lítà omi kan, fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn tí mo ṣàn wọ́n, n kò fi ọwọ́ lásán kàn wọ́n mọ́. Ibi tí òróró ìka bá dé kò ní mu aró.

Ásíìdì bátìrì mọ́tò mílílítà 700 ni mo dà sínú mílílítà 1,400 omi bátìrì (omi mímọ́ tí wọ́n ń fi kún bátìrì, kì í ṣe ásíìdì). Omi ló ń kọ́kọ́ wọ ike, ásíìdì á wá tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da omi lé ásíìdì, á hó ta sí i lójú. Ìbọ̀wọ́ àti awò ojú kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, torí afẹ́fẹ́ haidirójìn tó ń jáde máa ń gbiná.

Wáyà alumíníọ́mù ni mo tì bọ ihò kọ́ọ̀bù, ṣinṣin. Bàbà àti irin kò gbọ́dọ̀ kan ásíìdì: wọ́n á máa yọ́, wọ́n á sì gba iná mọ́ kọ́ọ̀bù lọ́wọ́. Pọ́sítíìfù ẹ̀rọ tó ń fúnni ní iná DC wà lára kọ́ọ̀bù, nẹ́gétíìfù rẹ̀ wà lára pẹlẹbẹ òjé méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike.

Sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 100 ojú alumíníọ́mù ń fẹ́ áḿpù 1.5. Tèmi jẹ́ nǹkan bí 65 pẹ̀lú wáyà, nítorí náà áḿpù 1 ni mo di ẹ̀rọ iná mọ́, fún ìṣẹ́jú 40. Fọ́ltì á máa gòkè fúnra rẹ̀. Bí áḿpù bá já sí òdo, wáyà ti tú. Títún un so lásán kò ràn án. Ẹ fi kọ́sítíìkì bó èèpo náà, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ooru wa níbí ni ọ̀tá gidi. Omi tó jókòó sílẹ̀ lè tó 29°C, bẹ́ẹ̀ 20 ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ìgò yìnyín tí a dé pa ni mo ń rì sínú rẹ̀. Bí ó bá gbóná jù, ásíìdì á máa jẹ èèpo tí iná ń hù jáde, á sì máa ra mọ́ ọwọ́ bí ẹfun.

Èèpo yẹn ní ihò wínníwínní. Inú ibẹ̀ ni aró ń wọ̀. Aró náílọ́ọ̀nù ni mo lò, ní 55°C, ìṣẹ́jú 12. Aró adìrẹ kọ́, torí omi eérú inú rẹ̀ á jẹ èèpo náà. Lẹ́yìn rẹ̀, mo sè wọ́n nínú omi bátìrì tó ń hó fún ìṣẹ́jú 40 kí ihò lè pa dé. Omi ìsè yí búlúù díẹ̀. Bí ó bá yí gan-an, èèpo náà kò nípọn tó.

Wáyà náà hu èèpo tirẹ̀. Mo fi fáìlì họ ọ́ kí n tó tún lò ó.