Ẹ Ka Ìka Ọ̀pọ̀lọ́ Kí Ẹ Tó Sanwó: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Tó Ń Kó Fọ́sìlì Jọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà báyọ́lọ́jì kan gbé òkúta wá bá mi ní Yábàá. Ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun. Ọ̀pọ̀lọ́ ló nà gbalaja sára òkúta náà, gbogbo eegun rẹ̀ pé. Wọ́n ní Ṣáínà ló ti wá, 180,000 náírà ni tíṣà san. Bí mo ṣe wò ó báyìí, ọkàn mi bàjẹ́: ìka márùn-ún ló wà lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹni kẹta rèé lọ́dún yìí, inú sì ń bí mi.

Ìkíní. Ẹ má ra òkú ọ̀pọ̀lọ́ tí ẹ kò bá tíì wo ààyè rẹ̀. Ìka mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọ́, márùn-ún lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ wo èyí tó wà nínú gọ́tà Ṣómólú lẹ́yìn òjò ti mọ̀. Fọ́sìlì ọ̀pọ̀lọ́ gidi, ìyẹn òkú àtijọ́ tó ti di òkúta, wà ní Liaoning ní Ṣáínà lóòótọ́, Liaobatrachus ni wọ́n ń pè é. Òótọ́ yẹn gan-an ni àwọn oníjìbìtì ń fara pamọ́ sí: wọ́n á gbẹ́ òkúta, wọ́n á kùn ún, wọ́n á fi gúlúù lẹ eegun ẹran mìíràn mọ́ ọn. Tí ẹ bá ti ka ìka tán, ẹ ka eegun ẹ̀yìn. Ti ọ̀pọ̀lọ́ òde òní kì í ju mẹ́sàn-án lọ kó tó kan ìbàdí, lẹ́yìn náà ni eegun gígùn kan ṣoṣo tó dà bí èèkàn. Kò ní ìrù. Eegun ojúgun rẹ̀ ti papọ̀ di ẹyọ kan. Tí ẹ bá rí eegun ìhà gígùn tó yí àyà ká bíi ti ènìyàn, ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ fi òwú kan omi tí wọ́n fi ń nu kùtẹ́ẹ̀sì, kí ẹ fi pa igun kékeré kan. Ọ̀dà á ṣí. Iná tí àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là fi ń yẹ owó wò náà wúlò, nítorí gúlúù sábà máa ń tàn yàtọ̀ sí òkúta lábẹ́ rẹ̀.

Èmi náà ti kó sí i rí. Owó ilé ni mo fi ra tèmi. Mo fi omi nù ún, itan rẹ̀ bá omi lọ.

Kì í ṣe òpè nìkan ló ń ṣe irú àṣìṣe yìí o. Ní 1726, dókítà kan ní Switzerland, Johann Scheuchzer, rí eegun salamander ńlá (ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ tó ní ìrù bí aláǹgbá), ó kéde pé ènìyàn tó kú nínú ìkún omi Nóà ni. Ó di 1811 kí Georges Cuvier, onímọ̀ eegun ẹranko ará Faransé, tó fi hàn pé salamander ni.

Ìkejì. Ẹ má wọ mọ́tò lọ sí Ewékorò nítorí ọ̀pọ̀lọ́. Inú òkun ni òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì níbẹ̀ ti wá, ìkarahun àti akàn lẹ máa bá, omi iyọ̀ kì í ṣe ilé ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó gbé ayé nígbà dáínósọ̀, In Beceten ní orílẹ̀-èdè Niger ni wọ́n ti rí wọn lágbègbè wa.

Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ fọ́sìlì.

Ẹ tún jọ̀wọ́, ẹ yé pe Triadobatrachus, fọ́sìlì àtijọ́ kan tó jọ ọ̀pọ̀lọ́, ní bàbá ńlá gbogbo ọ̀pọ̀lọ́. Madagascar ni wọ́n ti rí i, ó ti tó ọdún mílíọ̀nù 250, Jean Piveteau, onímọ̀ fọ́sìlì ará Faransé, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1936. Ó ní eegun ẹ̀yìn 14 ṣáájú ìbàdí, ó ní ìrù kékeré, ojúgun rẹ̀ kò tíì papọ̀. Ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ ni, a kò lè fi òkúta ẹyọ kan búra pé òun ló bí wọn. Ẹ má sì yàwòrán rẹ̀ bí ẹni tó ń fò fíofío. Prosalirus, ọ̀pọ̀lọ́ àtijọ́ ti Arizona ní Amẹ́ríkà, bí ọdún mílíọ̀nù 190 sẹ́yìn, ni ìbàdí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fi ìfò hàn kedere.

Gerobatrachus, fọ́sìlì mìíràn láti Texas, náà kò tíì parí àríyànjiyàn lórí ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ àti salamander ti ṣẹ̀ wá.

Tíṣà yẹn bi mí pé kí ni kí òun fi òkúta náà ṣe. Mo ní kó gbé e lọ sí kíláàsì, kó gbé ààyè ọ̀pọ̀lọ́ kan sínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó má sọ nǹkan kan. Ó pè mí lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ JSS 2 kan ló kọ́kọ́ nawọ́ pé, “Ẹ̀yin tíṣà, ìka ti òkúta yìí fi ẹyọ kan lé.”